Sọ-Ọ́-Kí-N-Yí-I

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Mo gbé bákẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò, mo gbé omi tíì kaná. Kí omi yẹn tó hó, bọ̀dá mi ti dá ìjà sílẹ̀ lórí ayélujára.

Mo ní kí n kàn yọjú sí Gbàgede, níbi tí àwa tí a ń fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun ti máa ń bá ara wa fa ọ̀rọ̀. Orúkọ bọ̀dá mi ni mo kọ́kọ́ rí. Ó kọ ọ́ báyìí: "Mo ti kọ ètò kan, Adájọ́ ni mo sọ ọ́. Ẹ gbé ètò yòówù tó bá wù yín fún un. Yóò wò ó, yóò sì sọ fún yín bóyá ètò náà máa parí iṣẹ́ kó dúró, tàbí ó máa yí gbirigbiri láìdúró títí ayé. Gbogbo ìlà tó wà nínú Adájọ́ pátá nìyí, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó mú tiẹ̀ wá."

Kí n tó mu tíì tán, èsì ti kún ibẹ̀ bámúbámú. Ẹnì kan ní, "Bàbá, wọ́n ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ kí wọ́n tó bí yín pé kò sí ètò tó lè ṣe bẹ́ẹ̀." Ó dá a lóhùn pé, "Àwọn tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n ti rí Adájọ́ tèmi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo gbé ife tíì sílẹ̀. Ọdọọdún ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kò ṣeé ṣe. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo ti ń kọ́. Mi ò mọ̀ pé ilé wa ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún máa yà sí.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹfà

Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí, ó sì tún kéré sí i. Ìwé ìdánwò ṣì ga gègèrè lórí tábìlì mi. Ní Gbàgede, wọn ò tíì dákẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹfà

Ọ̀sán Àbámẹ́ta ni Alága Gbàgede máa ń yẹ ètò tí àwọn èèyàn bá fi ránṣẹ́ wò lójú gbogbo wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi tiẹ̀ ránṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó fi àwòrán ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe ojú ara rẹ̀. Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo ń pè é, ẹnu rẹ̀ sì gbóná ju ti ẹranko náà lọ. Òun ló mú ètò kan wá tó ń wọ́ bí ìgbín.

Adájọ́ wò ó, wò ó, ó ní, "Kò ní dúró." Àwa lọ jẹun. Nígbà tí a fi máa padà dé, ètò ìgbín ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ó ti dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n fi bọ̀dá mi rẹ́rìn-ín títí.

Kò bínú. Ó kàn kọ ọ́ pé, "Adájọ́ kánjú ni. Màá kọ́ ọ ní sùúrù." Èsì yẹn dùn mọ́ mi nínú. Bí bàbá wa ì bá ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Kẹfà

Ó pè mí bí mo ṣe ń ti iṣẹ́ dé.

"Olóríkunkun, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí o, bọ̀dá. Ojú yín ńkọ́?"

"Ojú wà níbi tó wà. Dókítà ní kí n yéé tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà títí wọ́n á fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Mo ní mo ti gbọ́."

"Ẹ gbọ́, ẹ ò gbà."

"Ẹnu ẹ mú jù. Wò ó, ìwọ lolùkọ́ nínú wa. Kọ ìlà kan péré sí Gbàgede, sọ fún wọn pé o ti wo Adájọ́ àti pé ó dáa. Tìẹ ni wọ́n máa gbà."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó dáadáa ná."

"Ìgbà wo lo máa wò ó tán?"

"Bọ̀dá, ìyẹn náà, ẹ bi Adájọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Lójijì, ó ní ká máa gbádùn, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Bí mo bá ní ó dáa, irọ́ ni mo pa. Bí mo bá ní kò dáa, ọwọ́ mi ni màá fi ba ohun kan ṣoṣo tó ń gbé e dìde lórí ibùsùn jẹ́. Ìyàwó wa, aya rẹ̀, sọ fún mi pé lẹ́yìn tí bọ̀dá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń jókòó sójú fèrèsé látàárọ̀ dalẹ́ láì la ẹnu. Ní báyìí, ó ń súfèé nínú ilé ìwẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, lóòótọ́ ni. Àmọ́ ta ni mo fẹ́ tà á fún?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹfà

Ó ti kọ́ Adájọ́ ní sùúrù. Gbogbo ètò tí wọ́n gbé wá lónìí ló dá lẹ́jọ́ bó ṣe tọ́, àní títí kan ti Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́. Mo pàtẹ́wọ́ nínú pálọ̀ èmi nìkan. Kò yẹ kí n pàtẹ́wọ́, mo mọ̀ pé sùúrù náà ní ibi tó mọ, àmọ́ bọ̀dá mi ni.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá wa ló ń wá sí mi lọ́kàn láti ọ̀sán. Ògiri rẹ̀ kún fún aago, kò sì sí méjì tó ń sọ ohun kan náà. Tí a bá ti ilé ìwé dé, orí bẹ́ǹṣì onígi ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn là ń jókòó sí, tí òórùn epo aago á máa gba inú imú wa. Bàbá á ti fi gíláàsì kékeré tó fi ń wo inú aago há ojú kan, á sì máa fi ojú kejì wo ẹni tó wọlé.

Gbogbo oníbàárà ló máa ń béèrè ohun kan náà. "Ṣé kò ní dúró mọ́ báyìí?" Bàbá á ní, "Èyí tó bá dúró, màá lè sọ fún yín pé ó ti dúró. Èyí tó bá ń lọ, ohun tí mo lè sọ ni pé ó ṣì ń lọ." Inú á máa bí bọ̀dá mi. Á ní irú èsì wo nìyẹn, ṣé kò yẹ kí oníṣẹ́ mọ òpin iṣẹ́ rẹ̀ ni? Ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Adájọ́, lójú tèmi. Kọ̀ǹpútà ni kò tíì ní.

Ọjọ́rú, 19 oṣù Kẹfà

Òjò, iná ò sí, mi ò lè ṣe ìwé ìdánwò. Mo jókòó, mo ń rántí.

Owó oṣù àkọ́kọ́ tí wọ́n san fún bọ̀dá mi ló fi ra kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan. Kò ní ojú tiẹ̀, tẹlifísọ̀n Bàbá la so ó mọ́, tí Bàbá ò fi rí ìròyìn wò mọ́. Inú kásẹ́ẹ̀tì la ń tọ́jú ètò sí. Tí a bá ti ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ariwo tí yóò máa ké á gba gbogbo ilé kan, Màmá á ké láti ilé ìdáná pé, "Kí lẹ̀ ń pa níbẹ̀ yẹn?"

Ètò àkọ́kọ́ tí mo dá kọ, orúkọ mi ló ń kọ sójú tẹlifísọ̀n, léraléra. Bàbá wọlé, ó wò ó, ó ní, "Ìgbà wo ló máa tó o?" Bọ̀dá mi ní, "Bàbá, kò ní tó o láéláé. Kò lè dúró." Bàbá ká apá sí àyà, ó ń wo orúkọ mi bó ṣe ń gòkè. Ibẹ̀ la wà tí iná fi lọ. Òkùnkùn bò wá. Bàbá ní, "Ó ti tó o."

A rẹ́rìn-ín débi pé Màmá gbé àtùpà wá wò wá. Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Àárò wọn sọ mí lónìí, ó sọ mí gan-an ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù Kẹfà

Ó ti burú. Adájọ́ tún ṣìnà lórí ètò kan, bọ̀dá mi tún ní òun máa tún un ṣe. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ni Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ lọ sinmi. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ríran máa kọ ètò."

Kò mọ̀ nípa ojú rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ lásán ló fi ṣe. Síbẹ̀ ara mi gbóná débi pé mo kọ èsì kan, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, mo tún pa á rẹ́. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, ṣé ó lè ní àkísà tó àgbà ni?

Bọ̀dá mi ló ṣe èyí tó dùn mí jù. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Ó dáa. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá mú ètò wá tí Adájọ́ ò lè dá lẹ́jọ́ láéláé, tí kò ní àtúnṣe, ọjọ́ náà ni màá palẹ̀ kọ̀ǹpútà mi mọ́. Mi ò ní kọ ìlà kan mọ́ láyé mi."

Mo mọ ètò náà. Mo ti ń kọ ọ́ sójú pátákó láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù Kẹfà

Mo parí ìwé ìdánwò. Ọpẹ́ ni.

Ètò ọ̀hún kò ju ìlà díẹ̀ lọ. Màá gbé odindi Adájọ́ sí inú rẹ̀. Ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò bi Adájọ́ léèrè pé, "Èmi gan-an ńkọ́, ṣé màá dúró?" Bí Adájọ́ bá ní yóò dúró, kó máa yí lọ títí ayé. Bí Adájọ́ bá ní kò ní dúró, kó dúró lójú ẹsẹ̀. Ìdájọ́ yòówù kó dá, irọ́ ni yóò jẹ́. Kò sí sùúrù tó lè wò ó sàn.

Mo ń kọ ọ́ lọ lónìí, ọwọ́ mi dédé dúró. Mo ti ṣe eléyìí rí. Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni mo ti ṣe é, kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà.

Eré kan wà tí a máa ń ṣe, "Sọ-ọ́-kí-n-yí-i" là ń pè é. Bọ̀dá mi á ní, "Mo mọ ohun tí o máa ṣe. O máa dìde." Màá jókòó pinpin. "O máa jókòó." Màá fò dìde. "O máa mu omi." Òùngbẹ ì báà pa mí kú, mi ò ní mu ún. Ibẹ̀ ló ti sọ mí ní Olóríkunkun. Kò borí mi rí.

Ó wá rí ọgbọ́n kan dá. Kò sọ ọ́ sí mi mọ́. Ó ń lọ bá Màmá, ó ń sọ ọ́ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́. Èmi á ṣe tèmi, Màmá á wá mirí pé, "Bó ṣe wí náà ni." Gbogbo ìgbà ló máa ń gbà á. Mo máa ń sunkún ìbínú. Mi ò mọ bó ṣe mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù Kẹfà

Mo lọ kí bọ̀dá mi àti ìyàwó wa. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún bọ̀dá mi ní ìkọ̀kọ̀, kó lè rọra yọ Adájọ́ kúrò kí ẹnikẹ́ni tó dójú tì í. Mo dé ibẹ̀, ó ti tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ tò, ó ti sọ lẹ́tà ojú rẹ̀ di ràgàjì ràgàjì kó lè rí i. Ó ń fi ìka tọ́ka sí i fún mi, ayọ̀ sì kún ojú rẹ̀. Ẹnu mi ò gbà á.

"O dákẹ́ lónìí," ló wí.

"Ó rẹ̀ mí ni, bọ̀dá."

Ó wò mí títí. Ó wá tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìyàwó wa, ó sọ nǹkan kan sí i létí. Ìyàwó wa fọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé oúnjẹ ló ní kó lọ gbé wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Keje

Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ ọ́ sí Gbàgede pé: "Mo ti kà á nínú ìwé. Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, màá mú ètò kan wá tó máa bi Adájọ́ nípa ara ẹ̀. Bàbá, ẹ ti lè máa wá páálí tí ẹ máa di kọ̀ǹpútà sí."

Ó ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ yìí ni yóò pa Adájọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí mo bá sọ̀rọ̀, èmi ni.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Keje

Oòrùn yọ lónìí, òrùlé gbẹ. Mo jókòó ti tíì mi, mo fi ètò náà ránṣẹ́ sí Alága kí Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ tó jí. Olóríkunkun ni mo fi sórúkọ. Orúkọ ètò náà: Sọ-ọ́-kí-n-yí-i.

Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é, kí ó jẹ́ ẹni tó bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Keje

Mo bẹ Alága kó dá a padà fún mi. Ó ní, "Ẹ má bínú, olùkọ́. Èyí tó ti wọlé ti wọlé."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù Keje

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

Alága gbé Sọ-ọ́-kí-n-yí-i fún Adájọ́. Adájọ́ wò ó. Ó pẹ́, torí pé òun náà wà nínú ohun tó ń wò. Sùúrù rẹ̀ tán, ó ní, "Kò ní dúró." Alága wá tẹ ètò mi kó ṣiṣẹ́. Ètò mi bi Adájọ́ inú rẹ̀, ó gbọ́ "Kò ní dúró," ó dúró.

Bọ̀dá mi ló kọ́kọ́ kọ̀wé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún Adájọ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kó sọ pé ètò yìí máa dúró." Alága ṣe é, ó sì fi Adájọ́ tuntun náà sínú tèmi. Adájọ́ ní, "Yóò dúró." Ètò mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó ń yí, ó ń yí. Ó ṣì ń yí lọ nígbà tí ọjọ́ pofírí.

Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn béèrè pé, "Ta ni Olóríkunkun?"

Bọ̀dá mi dáhùn pé, "Mo mọ̀ ọ́n." Ó jáde kúrò ní Gbàgede. Mo pè é, kò gbé e. Mo tún pè, fóònù rẹ̀ ti kú. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo sunkún nítorí Adájọ́ tí mo mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé kò lè yè.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù Keje

Mo ti ibẹ̀ dé báyìí. Kí n tètè kọ ọ́ kó tó tutù.

Ìyàwó wa ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, ẹ káàbọ̀. Ẹ ti ṣe é."

"Ṣé inú ń bí i?"

"Inú kẹ̀? Ọjọ́ Àìkú tí ẹ wá ńjọ́sí, ṣé ẹ rántí pé ó sọ nǹkan sí mi létí?"

"Mo rò pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni."

"Ó ní, 'Olóríkunkun ti mọ ibi tó ti fọ́. Òun ló máa tú u. Má sọ fún un o.'"

Mo di ilẹ̀kùn mú.

Bọ̀dá mi jókòó nínú yàrá, wọ́n ti fa kọ́tìnì nítorí ojú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀, ó kú fin-ín. Ó gbọ́ ìrìn mi, ó ní, "O pẹ́ kí o tó ṣe é."

"Bọ̀dá, ẹ mọ̀ pé kò lè ṣiṣẹ́?"

"Mo kọ́kọ́ gbà pé ó máa ṣiṣẹ́, tọkàntọkàn ni mo gbà á. Ìwọ lo bà á jẹ́. Mo béèrè ìgbà tí o máa wò ó tán, o ní kí n bi Adájọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo wá ń bi ara mi pé, kí ló dé tí mi ò bi Adájọ́ nípa ẹni tó máa gbọ́ ìdájọ́ tán, kó wá ṣe òdìkejì rẹ̀? Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń hùwà bẹ́ẹ̀."

"Kí wá ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ẹ jẹ́ kí n máa jìyà láti ọjọ́ yìí!"

"Tí mo bá sọ fún ẹ pé ìwọ lo máa tú u, ṣé o máa tú u ni?"

Ẹkún ń bọ̀, ẹ̀rín ló jáde.

"Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi ṣeré," ló wí. Kò fi ẹ̀fẹ̀ sí i rárá. Ìyàwó wa wo ilẹ̀. Èmi náà mọ̀ pé òtítọ́ ni, láti ìgbà tí Màmá ti kú ni.

Mo jókòó tì í. Mo ní, "Ẹ ti búra lójú gbogbo èèyàn. Ẹ ní ẹ máa palẹ̀ kọ̀ǹpútà mọ́, ẹ ò ní kọ ìlà kan mọ́ láyé yín."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo Gbàgede ló gbọ́ pé màá dúró." Ó na ọwọ́, ó ń fi ìka wá bọ́tìnì, ó rí i, ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í hùn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí i lójú. "Ìwọ nìkan ni wọ́n bí bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìyàwó wa pariwo pé dókítà ló máa gbọ́ èyí. Bọ̀dá mi pa kọ̀ǹpútà padà bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà. Ó di ọwọ́ mi mú, mo rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà.

"Ó dáa, olùkọ́," ló wí. "Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ojú yìí, ṣé màá dúró, àbí mi ò ní dúró?"

Mo la ẹnu, mo sì tún pa á dé. Mo tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó wa, mo sọ ọ́ sí i létí.